Apó Ọfà Àti Awọ Tí A Ń Jẹ

Àwọn baba wa ní bí ọsán bá já, ọrun a di ọ̀pá. Òtítọ́ ni. Ṣùgbọ́n ohun mìíràn wà tí òwe náà kò dárúkọ, tí tafàtafà kò sì gbọdọ̀ gbàgbé sílé. Apó ni. Ẹni tí ó ní ọrun, tí ọsán rẹ̀ le, tí kò sì ní apó, ọwọ́ lásán ni yóò fi kó ọfà olóró wọ igbó. Bí ó bá kọsẹ̀, òun fúnra rẹ̀ ni oró náà yóò kọ́kọ́ bá jà.

Bí ènìyàn bá gbọ́ orúkọ Ìsàlẹ̀ Gángan ní Erékùṣù Èkó wa yìí, ìlù ni yóò kọ́kọ́ wá sí i lọ́kàn. Ẹ jẹ́ kí á wo ìlù náà dáadáa. Awọ ni ojú rẹ̀. Awọ tín-ín-rín náà ni okùn tí ó so ojú méjèèjì pọ̀, tí onílù ń fún lábẹ́ apá kí ohùn rẹ̀ lè lọ sókè tàbí sílẹ̀. Ọsán ni a ń pe okùn náà, ọsán náà sì ni okùn ọrun. Nítorí náà, kí ará Ìsàlẹ̀ Gángan má ṣe rò pé ọ̀rọ̀ apó kò kan òun. Ìdí awọ ni ìlù àti ọrun ti pàdé.

Ọfà kì í ṣe àlejò nínú ìtàn wa. Òun ni àmì Ọ̀ṣọ́ọ̀sì, òrìṣà àwọn ọdẹ. Òun ni ó wà nínú orúkọ Ọlálọmí Ọlọ́fà-gangan tí ó tẹ ìlú Ọ̀fà dó. Ọfà mẹ́ta ni ìtàn sì sọ pé Aláàfin Aólẹ̀ ta sí ọ̀nà mẹ́ta nígbà tí ó ń fi àwọn ènìyàn rẹ̀ gégùn-ún. Gbogbo ọfà wọ̀nyí ni ó nílò ilé, nítorí òjò kì í jẹ́ kí oró pẹ́ lára irin.

Báwo ni a ṣe ń kọ́ ilé náà? Awọ ewúrẹ́ ni ìpìlẹ̀. A ó rẹ ẹ́ sínú omi eérú títí irun rẹ̀ yóò fi tú, a ó sì fi ọ̀bẹ fá irun àti ọ̀rá kúrò. Lẹ́yìn èyí ni a ó gún èso igi ẹlẹ́gùn-ún tí àwọn Haúsá ń pè ní bàgàrúwà, a ó pò ó mọ́ omi, a ó sì tún rẹ awọ náà sínú rẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan. Èso yìí ni ó ń sọ awọ tí ì bá jẹrà di èyí tí ó lè pẹ́ ju ẹni tí ó ni ín lọ. A ó fọ̀ ọ́, a ó fi òróró pa á, a ó sì fi ọwọ́ rún un kí ó lè rọ̀. Pòpórò ọkà bàbà pupa àti kán-ún ni a fi ń pa á láró pupa. Omi ìdàrọ́ irin ni a fi ń sọ ọ́ di dúdú.

Oníṣẹ́ yóò wá gbẹ́ igi rìbìtì kan, yóò yí awọ màlúù tútù mọ́ ọn, yóò sì dì í le títí yóò fi gbẹ. Nígbà tí ó bá fa igi náà yọ, awọ a dúró gbọnin bí ọparun. Awọ tí ó nípọn jù lọ ni yóò fi dí ìdí rẹ̀, nítorí ibẹ̀ ni ẹnu ọfà ń kọjú sí. Yóò fi awọ ewúrẹ́ bò ó lóde, yóò rán an, yóò ṣe ọmọrí fún un, yóò sì fi okùn èjìká sí i.

Ìgbà náà ni ọ̀ṣọ́ kàn. Yóò gé awọ aláwọ̀ mìíràn wẹ́wẹ́, yóò rán an mọ́ ara apó. Yóò fi ẹnu ọ̀bẹ bó ojú awọ níbi tí ó bá fẹ́ kí funfun abẹ́ rẹ̀ yọ. Yóò di okùn awọ bí ẹni ń di irun, yóò sì jẹ́ kí wájàwájà rẹ̀ máa fì. Kì í ṣe ẹwà nìkan ni èyí wà fún: ibi tí a ti rán ni ọ̀já aláràbarà ń bò, òun náà ni kì í jẹ́ kí ojú rírán tú.

Iṣẹ́ awọ yìí ti gbé orúkọ wa dé òkèèrè. Nígbà tí Heinrich Barth, ọmọ Jámánì, dé Kánò ní 1851, ó rí i bí àwọn oníṣòwò ṣe ń kó awọ àti sálúbàtà ibẹ̀ kọjá aṣálẹ̀ lọ sí Àríwá Áfíríkà. Àwọn Òyìnbó tí wọ́n ń rí awọ pupa náà rà níhà ọ̀hún pè é ní awọ Mòrókò, bẹ́ẹ̀ Òkè Ọya ni púpọ̀ nínú rẹ̀ ti wá.

Kí ni ó wá pa apó? Ìbọn ni, etíkun wa níhìn-ín sì wà lára ọ̀nà tí ó gbà wọlé. Samuel Johnson, nínú ìwé ìtàn rẹ̀ tí a tẹ̀ ní 1921, sọ bí àwọn Ìjẹ̀bú tí wọ́n sún mọ́ òkun ṣe ní ìbọn nígbà ogun Òwu, ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún kọkàndínlógún. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ awọ kò bá apó lọ. Àwọn oníṣẹ́ Ọ̀yọ́ ń fi ọgbọ́n kan náà ṣe gàárì, làbà Ṣàngó, tìmùtìmù àti àpò.

Ewu tòde òní yàtọ̀. Ní 2022, olórí ilé ẹ̀kọ́ ìmọ̀ awọ ti Ìjọba Àpapọ̀ ní Sàríà dábàá pé kí a fi òfin de pọ̀nmọ́ jíjẹ, nítorí pé ikùn ni awọ ń bá lọ dípò ilé iṣẹ́. Ọ̀rọ̀ náà bí ọ̀pọ̀ ènìyàn nínú. Òtítọ́ wà nínú ẹjọ́ rẹ̀, àwa kò ní í sẹ́ ẹ. Ní Kánò, wọ́n ń bó ewúrẹ́. Ní Èkó, a ń fi iná wi ín, a sì ń jẹ ẹ́ tawọtawọ. Ṣùgbọ́n òfin kò lè kọ́ ọmọ ní iṣẹ́. Bí a bá kó gbogbo awọ ilẹ̀ yìí jọ, tí kò sí ọwọ́ tí ó mọ̀ ọ́n gé, tí ó mọ̀ ọ́n rán, yóò jẹrà lójú wa ni. Ọwọ́ tí ó mọ iṣẹ́ ni ó ń tán, kì í ṣe awọ.

Ẹ̀yin olùkọ́, ọ̀dọ̀ yín ni ọ̀rọ̀ náà dé sí. Ẹ rántí ìgbà tí ọmọ ilé ìwé ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ hun agbọ̀n àti ẹní fún ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọwọ́. Ní àkókò tiwa, òbí ń lọ rà á lọ́jà, ọmọ ń gba máàkì. Ẹ gba ègé awọ lọ́wọ́ àwọn tí ń ṣe bàtà ní àdúgbò yín, kí àwọn ọmọ fi kọ́ bí a ti ń rán an. Ẹ kó wọn lọ sí Ilé Àṣà àti Ìtàn Yorùbá ti John Randle ní Ònìkàn, kí ẹ sì béèrè pé kí a pe oníṣẹ́ awọ láti Ọ̀yọ́ wá jókòó síwájú wọn. Ẹ̀yin tí ẹ ń tẹ̀ lé ẹgbẹ́ òṣèlú, nígbà tí àwọn olùdíje bá tún dé Ìsàlẹ̀ Gángan tòun ti ìlù, ẹ bi wọ́n léèrè pé ta ni yóò máa ṣe awọ ìlù náà ní ogún ọdún sí i.

Àwọn tí wọ́n kọ́kọ́ ran apó ti lọ, ṣùgbọ́n a ṣì lè rí ẹni tí yóò kọ́ wa. Kí ọsán tó já ni a ń wá òmíràn.