Ìtọ́jú Aláìsàn Lẹ́yìn tí ó bá ti Ilé Ìwòsàn Dé

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó rò pé ọjọ́ tí dókítà bá ní kí aláìsàn máa lọ sí ilé ni àìsàn náà parí. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ilé ìwòsàn ni a ti ń gba ẹ̀mí là. Ilé ni ènìyàn ti ń kọ́ bí yóò ti tún rìn, tí yóò wẹ̀, tí yóò sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ jẹun. Ọ̀rọ̀ yìí kan ẹ̀yin ará Bàrúwà, Ìpájà àti gbogbo agbègbè Alímọ̀ṣọ́.

Ẹ jẹ́ kí a fi bàbá kan ṣe àpẹẹrẹ, tí ẹ̀jẹ̀ ríru fa àrùn ẹ̀gbà fún, tí apá kan ara rẹ̀ sì rọ. Wọ́n tọ́jú rẹ̀, wọ́n gbé e wá sí ilé, inú gbogbo ènìyàn dùn. Ìyàwó ń fi oúnjẹ sí i lẹ́nu, àwọn ọmọ ń wẹ̀ ẹ́, ẹnikẹ́ni kò jẹ́ kí ó gbé ife omi. Ìfẹ́ ni, ṣùgbọ́n ìfẹ́ tí ó léwu ni. Apá tí a kò bá lò yóò máa le, iṣan rẹ̀ yóò sì máa joro. Ẹni tí ó bá pẹ́ ní ìdùbúlẹ̀, egbò lè dá sí i ní ìdí àti ní gìgísẹ̀. Èyí tí ó tún burú ni pé ọkàn rẹ̀ yóò rẹ̀wẹ̀sì, yóò máa rò pé òun ti di ẹrù.

Kí a ran aláìsàn lọ́wọ́ kí ó lè tún dá dúró kì í ṣe ohun titun ní Èkó. Ní ọdún 1945 ni wọ́n dá ilé ìwòsàn Ìgbóbì sílẹ̀, fún àwọn ọmọ ogun tí ó fara gbọgbẹ́ nínú Ogun Àgbáyé Kejì. Ní ilẹ̀ England lónìí, ẹni tí ó bá yẹ fún irú ìtọ́jú yìí lè gbà á lọ́fẹ̀ẹ́ nínú ilé rẹ̀ títí di ọ̀sẹ̀ 6. Níhìn-ín, àwa ará ilé ni a sábà máa ń ṣe iṣẹ́ náà, nítorí náà ó yẹ kí a mọ̀ ọ́n ṣe.

Èkíní: kí ẹ tó kúrò ní ilé ìwòsàn, ẹ béèrè bí a ó ti máa lo oògùn, irú eré ìdárayá tí ó yẹ, àti ọjọ́ tí ẹ ó padà wá. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹ má ṣe dá oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru dúró nítorí pé ara ti yá. Ẹ̀gbà lè tún padà.

Èkejì: ẹ jẹ́ kí ó ṣe èyí tí ó bá lè ṣe, bí ó tilẹ̀ pẹ́. Bí ó bá ń wọ aṣọ, ọwọ́ tí ó rọ ni kí ó kọ́kọ́ wọ̀. Bí ó bá ń bọ́ ọ, ọwọ́ tí ó le ni kí ó kọ́kọ́ yọ. Ẹ má ṣe fa ọwọ́ tí ó rọ láti gbé e dìde, kí èjìká má baà yẹ̀.

Ẹ̀kẹta: kí ó jókòó dáadáa kí ó tó jẹun, kí oúnjẹ má baà há a lọ́fun. Bí kò bá lè yí ara padà lórí ibùsùn, ẹ máa yí i ní wákàtí méjì-méjì.

Ẹ̀kẹrin: ẹ ká ẹní tí ń yọ̀ kúrò nílẹ̀, ẹ gbé àga sí ilé ìwẹ̀, ẹ tan iná sí ọ̀nà ilé ìgbẹ́ lóru. Ẹ̀yin ará Bàrúwà mọ wàhálà bẹntiróòlù tí ó wọ inú kànga yín fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ẹ má ṣe fún aláìsàn ní omi tí ó bá ń rùn bí epo. Sísè kò sọ ọ́ di omi rere.

Ṣùgbọ́n bí ẹnu rẹ̀ bá ṣàdédé wọ́, tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ́, tí ẹsẹ̀ kan wú tí ó sì ń dùn ún, tàbí tí kò lè mí dáadáa, ẹ má ṣe dúró di ọ̀la. Ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ìjọba ní Ìgandò, tàbí èyí tí ó bá sún mọ́ yín jù, lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀.

Ẹ mú sùúrù. Díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọ ọgbà. Ní ọjọ́ tí bàbá bá tún gbé ife omi dé ẹnu fúnra rẹ̀, bí ó tilẹ̀ dà díẹ̀ sí àyà, ẹ má ṣe gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ bá a yọ̀.