Ọkọ̀ onírìmóòtù tí kò rìn mọ́ kì í ṣe pàǹtírí: bí òbí àti ọmọ ní Àgbádárìgì ṣe lè tò ó, kí wọ́n sì wá àrùn rẹ̀ rí

Bí ọdún Kérésìmesì tàbí ọdún Iléyá bá ti wọlé, ọ̀kan lára ẹ̀bùn tí àwọn ọmọdé máa ń bẹ̀bẹ̀ fún ni ọkọ̀ ìṣeré onírìmóòtù, èyí tí wọ́n ń fi bọ́tìnnì darí láti òkèèrè. Ní ọjọ́ àkọ́kọ́, gbogbo àdúgbò ni yóò gbọ́ ariwo rẹ̀. Ní ọjọ́ kẹta, ó lè bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́ ẹsẹ̀ nílẹ̀. Kí ọ̀sẹ̀ kejì tó pé, ó ti dé orí ààtàn, ọmọ sì ti ń sunkún pé kí wọ́n ra òmíràn. Owó òbí ti ṣòfò, bẹ́ẹ̀ ni ọmọ náà kò rí ẹ̀kọ́ kankan kọ́ ju pé ohun tó bá ti bàjẹ́, jíjù ni wọ́n ń jù ú nù. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, púpọ̀ nínú àwọn ọkọ̀ wọ̀nyí ni kò tíì kú. Ó lè jẹ́ pé wáyà kan ló já, tàbí pé ìpatà ló bo ẹnu bátìrì, tàbí pé òwú ló wé mọ́ ìdí táyà. Ẹni tó bá mọ bí ọkọ̀ náà ṣe ń ṣiṣẹ́ lè jí i dìde, ọ̀nà tó sì dára jù láti mọ̀ ọ́n ni kí òbí àti ọmọ jọ fi ọwọ́ ara wọn tò ọ̀kan.

Okùn tí ojú kò rí

Ọkọ̀ títò kì í ṣe ohun àjèjì sí ọmọdé nílẹ̀ Yorùbá. Agolo mílíìkì tàbí agolo sàdíìnì ni ara ọkọ̀, ìdérí ìgò tàbí sílípáàsì tí wọ́n gé róbótó ni táyà, okùn sì ni wọ́n fi ń fà á lọ. Ohun tí rìmóòtù fi kún un ni pé okùn náà ti di ohun tí ojú kò rí.

Okùn àìrí yìí ni ìgbì rédíò, irú èyí tó ń gbé ohùn agbóhùnsáfẹ́fẹ́ wọ inú ilé. Ní ọdún 1898, nílùú New York, Nikola Tesla, onímọ̀ iná mànàmáná tó fi Amẹ́ríkà ṣe ibùgbé, gbé ọkọ̀ ojú omi kékeré kan sínú omi níwájú àwọn èèyàn, ó sì ń darí rẹ̀ láìfi ọwọ́ kàn án. Láti ara iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ni ti ìṣeré ti wá. Nígbà tó fi di ọdún 1976, ilé-iṣẹ́ Tamiya ní orílẹ̀-èdè Japan ti ń ta ọkọ̀ onírìmóòtù tí ẹni tó rà á ní láti tò fúnra rẹ̀ kó tó lè rìn.

Bí ìyá ìlù àti omele kò ṣe dún bákan náà, bẹ́ẹ̀ ni ìgbì rédíò kọ̀ọ̀kan ní ìwọ̀n tó fi ń mì. Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ìṣeré olówó pọ́ọ́kú ń lo ìgbì mẹ́gáhẹ́ẹ̀tì 27, èyí tó túmọ̀ sí pé ó ń mì ní ìgbà mílíọ̀nù mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Gígùn ìgbì yìí tó mítà mọ́kànlá, ìdí nìyẹn tí rìmóòtù àtijọ́ fi ń ní eríà gígùn tí wọ́n ń fà yọ. Àwọn ti ìgbàlódé ń lo gígáhẹ́ẹ̀tì 2.4, tí gígùn ìgbì rẹ̀ kò ju sẹ̀ǹtímítà méjìlá ààbọ̀ lọ, nítorí náà eríà tiwọn kúrú tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n fi ń fi í pamọ́ sínú.

Ohun èlò àti ibi tí wọ́n ti lè rí i

Lẹ́yìn rìmóòtù, ohun márùn-ún ni ọkọ̀ náà nílò: bátìrì, súìṣì, pánẹ́ẹ̀lì kékeré tó ń gba àmì láti ọwọ́ rìmóòtù, ẹ́ńjìnnì kékeré tó ń lo iná bátìrì, àti ara ọkọ̀ pẹ̀lú táyà rẹ̀. Lójú ọ̀nà Èkó sí Àgbádárìgì, ní Ọ̀jọ́, ni ọjà ńlá Alaba wà, níbi tí wọ́n ti ń ta ohun èlò oníná lóríṣiríṣi, tuntun àti àlòkù. Àmọ́ kò pọn dandan kí ẹnikẹ́ni rin ìrìn-àjò nítorí ọkọ̀ àkọ́kọ́. Ọkọ̀ ìṣeré tó ti bàjẹ́ nínú ilé tàbí nílé aládùúgbò, pẹ̀lú rìmóòtù tirẹ̀, ti tó. Bí ọmọ bá tú u, ó ṣeé ṣe kó rí ohun dúdú kékeré kan lórí pánẹ́ẹ̀lì tí wọ́n kọ RX-2 sí lára. Òun ni ọpọlọ tó ń túmọ̀ àmì. Èkejì rẹ̀, TX-2, yóò sì wà nínú rìmóòtù. Àwọn méjèèjì gbọ́dọ̀ jẹ́ ti ìgbì kan náà, nítorí pánẹ́ẹ̀lì mẹ́gáhẹ́ẹ̀tì 27 kò lè gbọ́ ohùn rìmóòtù mẹ́gáhẹ́ẹ̀tì 49.

Pákó pẹlẹbẹ fífúyẹ́ ni kí wọ́n fi ṣe ara ọkọ̀. Kí wọ́n yọ iwájú ọkọ̀ àtijọ́ náà lódindi, nítorí ibẹ̀ ni ohun tó ń yí táyà sí ọ̀tún àti sí òsì wà. Kí wọ́n yọ ẹ̀yìn rẹ̀ bákan náà pẹ̀lú ẹ́ńjìnnì àti àwọn àgbá eléyín tó ń yí táyà. Iná ń ti inú bátìrì lọ sí súìṣì, láti súìṣì sí pánẹ́ẹ̀lì, láti pánẹ́ẹ̀lì sí ẹ́ńjìnnì. Bátìrì mẹ́rin tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ fóòtì 1.5 yóò fún ọkọ̀ ní fóòtì 6. Bí ó bá jẹ́ èyí tí wọ́n ń gba iná sí, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ fóòtì 1.2, fóòtì 4.8 péré ni mẹ́rin yóò fún un, ọkọ̀ náà kò sì ní yára tó ti tẹ́lẹ̀.

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ ni kí wọ́n kan gbogbo nǹkan mọ́ pákó kí wọ́n tó dán an wò. Orí tábìlì ni kí wọ́n ti so wáyà pọ̀ ná, kí ọmọ tẹ bọ́tìnnì, kí ó rí i pé ẹ́ńjìnnì yí, kí wọ́n tó fi ohunkóhun mọ́lẹ̀.

Àwọn àgbà ní ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Irin gbígbóná tí wọ́n fi ń jó sódà, ọwọ́ àgbà ló gbọ́dọ̀ wà, kí ó sì jẹ́ níbi tí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́, nítorí èéfín rẹ̀ kò dára fún ẹ̀dọ̀fóró. Ọmọ ni kó mú súkúdíráfà, kó ka àwọ̀ wáyà, kó sì ya àwòrán ibi tí wáyà kọ̀ọ̀kan ń lọ kí wọ́n tó tú u. Nǹkan méjì ni kò gba àwàdà rárá. Àkọ́kọ́ ni bátìrì pẹlẹbẹ bíi bọ́tìnnì tó ń wà nínú àwọn rìmóòtù kan: bí ọmọ kékeré bá gbé e mì, ó lè jó ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀ láàárín wákàtí méjì, nítorí náà ilé ìwòsàn ni kí wọ́n gbé e lọ lójú ẹsẹ̀. Èkejì ni bátìrì líthíọ́ọ̀mù tí wọ́n yọ láti inú kọ̀ǹpútà tàbí fóònù tó ti bàjẹ́: ó lè gbiná bí wáyà rẹ̀ méjèèjì bá kanra, kì í sì í ṣe ohun èlò fún ọkọ̀ àkọ́kọ́ tí ọmọdé ń tò.

Bí ọkọ̀ bá kọ̀ tí kò rìn

Ìgbà tí ọkọ̀ bá kọ̀ ni ẹ̀kọ́ gan-an bẹ̀rẹ̀. Yorùbá ní bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Ọmọ tí ọkọ̀ rẹ̀ dúró yóò ké pé, “Dádì, ó ti bàjẹ́ o!” Ìdáhùn tó yẹ kí bàbá fún un ni pé, “Kò tíì bàjẹ́. Wá, jẹ́ ká wo ibi tó ti dúró.” Kí wọ́n máa tọ ọ̀nà tí iná ń gbà lọ́kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n má sì yí ohun méjì padà lẹ́ẹ̀kan náà, nítorí bí ọkọ̀ bá wá jí, wọn kò ní mọ èwo nínú méjèèjì ló wò ó sàn.

Bátìrì ni ìbẹ̀rẹ̀, ti ọkọ̀ àti ti rìmóòtù. Ṣé wọ́n kọjú síbi tó yẹ? Bí ọkọ̀ bá ta pọ́ún lẹ́ẹ̀kan, tó sì dúró, tàbí tí gílóòbù rẹ̀ ń ṣú nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá fẹ́ yí, agbára bátìrì ti lọ sílẹ̀. Mítà lè fi hàn pé ó ṣì kún nígbà tí kò ṣiṣẹ́, nítorí náà ìgbà tí ẹ́ńjìnnì bá ń yí ni kí wọ́n wọ̀n ọ́n.

Bí bátìrì bá dára, kí wọ́n yọ wáyà ẹ́ńjìnnì kúrò lára pánẹ́ẹ̀lì, kí wọ́n fi kan bátìrì tààrà. Bí ó bá yí, ara ẹ́ńjìnnì le. Súìṣì, pánẹ́ẹ̀lì tàbí rìmóòtù ni wọn yóò kọjú sí. Bí kò bá yí, ẹjọ́ rìmóòtù kọ́. Ìdánwò kan ṣoṣo yìí ti pín ìṣòro náà sí méjì.

Bí ẹ́ńjìnnì bá ń dún ṣùgbọ́n tí táyà kò yí, kí wọ́n wo àgbá eléyín bóyá eyín rẹ̀ ti ká, tàbí bóyá irun àti òwú ló wé mọ́ ọ. Bí ọkọ̀ bá ń lọ sẹ́yìn nígbà tí wọ́n ní kó lọ síwájú, kí wọ́n pààrọ̀ wáyà ẹ́ńjìnnì méjèèjì síra wọn. Bí ó bá ń fà sí ẹ̀gbẹ́ kan, ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ní bọ́tìnnì kékeré kan lábẹ́ ikùn tí wọ́n fi ń tọ́ táyà iwájú sọ́nà.

Bí kò bá gbọ́ àṣẹ àyàfi nítòsí, kí wọ́n wo eríà. Wáyà eríà kò gbọdọ̀ gé, kò sì gbọdọ̀ ká jọ sínú ọkọ̀. Ńṣe ni kí ó nà. Kí wọ́n tún wo ara ẹ́ńjìnnì bóyá kàpásítọ̀, ohun pẹlẹbẹ kékeré tí wọ́n sábà máa ń kọ 104 sí lára, ṣì so mọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì. Ẹ́ńjìnnì máa ń ta iná pẹ́pẹ̀pẹ́ nínú, iná yìí sì máa ń pariwo bo àmì rìmóòtù mọ́lẹ̀. Kàpásítọ̀ ló ń pa ariwo náà, kí ẹnikẹ́ni má yọ ọ́ dànù bí ohun tí kò wúlò.

Nígbà mìíràn, ọkọ̀ kò ṣàìsàn rárá. Bí ọmọ méjì bá gbé ọkọ̀ mẹ́gáhẹ́ẹ̀tì 27 jáde sí ojúde kan náà, tí àwọn méjèèjì sì wà lórí 27.145, èyí tó wọ́pọ̀ nínú ọkọ̀ olówó pọ́ọ́kú, rìmóòtù ẹni kìíní yóò máa darí ọkọ̀ ẹni kejì. Kí wọ́n máa gbà á ṣe ní ìdà sí ìdà ni òògùn rẹ̀. Àwọn ti gígáhẹ́ẹ̀tì 2.4 kì í sábà ní ìṣòro yìí, nítorí rìmóòtù àti ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan ti bára wọn mulẹ̀ kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀.

Iyọ̀ òkun àti iyanrìn

Àgbádárìgì ní ọ̀tá méjì tí àwọn ìlú òkè kò fi bẹ́ẹ̀ mọ̀. Ìlú náà wà láàárín ọ̀sà àti òkun Àtìláńtíìkì, atẹ́gùn ibẹ̀ sì ń gbé ọ̀rinrin àti iyọ̀. Iyọ̀ yìí máa ń mú kí irin dípẹtà kíákíá, ó sì máa ń sọ wáyà bàbà di aláwọ̀ ewé. Lẹ́búlẹ́bú funfun tó ń hù lẹ́nu bátìrì, ní tirẹ̀, sábà máa ń jẹ́ omi tó jò láti inú bátìrì tí wọ́n gbàgbé síbẹ̀. Kí àgbà yọ bátìrì náà, kó fi òwú tí wọ́n ti bọ díẹ̀ sínú omi ọsàn wẹ́wẹ́ nu ẹnu rẹ̀, kó nù ún gbẹ, kó sì fi sáńpépà fẹ́lẹ́ yún un títí irin yóò fi dán. Ààbò tó dára jù ni kí wọ́n yọ bátìrì lẹ́yìn eré kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n sì fi ọkọ̀ sínú ike tó ní ìdérí.

Iyanrìn ni ọ̀tá kejì. Etí òkun dùn ún wò, ṣùgbọ́n iyanrìn ibẹ̀ ń wọ àárín àgbá eléyín, ó sì ń lọ̀ wọ́n bí ọlọ. Òkúta mágínẹ́ẹ̀tì tó wà nínú ẹ́ńjìnnì tún lè fa àwọn èérún dúdú tó ní irin nínú láti inú iyanrìn náà. Kí bàbá mú mágínẹ́ẹ̀tì tó yọ láti inú sípíkà àtijọ́, kí ọmọ fi wọ́ inú iyanrìn, ọmọ yóò fi ojú ara rẹ̀ rí i. Orí sìmẹ́ńtì ilé tàbí ti ọgbà ilé-ìwé ni kí ọkọ̀ ti sáré, kí wọ́n sì máa fi búrọ́ọ̀ṣì eyín àtijọ́ gbọn ìdí táyà rẹ̀.

Àgbádárìgì wà lára àwọn ibi tí ẹ̀kọ́ ìwé ti kọ́kọ́ fìdí múlẹ̀ ní Nàìjíríà, láàárín àwọn ọdún 1840. Kò sì sí ìwé tó lè ṣàlàyé iná mànàmáná fún ọmọ ọdún mẹ́wàá bí ọkọ̀ tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ tò, tó kọ̀ tí kò rìn, tí òun náà sì wádìí títí ó fi rìn. Nígbà tí rédíò ilé bá dákẹ́ lọ́jọ́ iwájú, irú ọmọ bẹ́ẹ̀ kò ní kọ́kọ́ gbá a lẹ́gbẹ̀ẹ́. Yóò béèrè bóyá iná dé ibẹ̀.