Ìpìlẹ̀ 'Goodbye' àti Ìtumọ̀ Rẹ̀ ní Yorùbá

Bí a bá bi akẹ́kọ̀ọ́ léèrè ìtumọ̀ 'goodbye', kíá ni yóò dáhùn pé 'ó dàbọ̀' ni. Bí a bá tún béèrè ohun tí 'good' ń ṣe níbẹ̀, yóò ní 'dára' ni, gẹ́gẹ́ bí ó ti rí nínú 'good morning'. Ìdáhùn kejì yìí kò tọ̀nà rárá. Àkọ́kọ́ pàápàá kò tọ̀nà nígbà gbogbo.

Àdúrà ni 'goodbye' ní ìpìlẹ̀. 'God be with ye' ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń wí fún ara wọn nígbà ìpínyà: kí Ọlọ́run wà pẹ̀lú yín. Bí 'yín' tiwa ni 'ye' yìí rí, nítorí pé ó wà fún ọ̀pọ̀ ènìyàn àti fún ẹni ọ̀wọ̀. Nígbà tí ó yá, ẹnu sún gbólóhùn náà kì. Nínú àkójọ lẹ́tà Gabriel Harvey, tí ó kọ láàárín 1573 sí 1580, ó ti di 'godbwye'. Nínú àwọn eré Shakespeare tí a tẹ̀ ní 1623, a rí 'God buy you', bí ẹni pé ńṣe ni Ọlọ́run fẹ́ ra ènìyàn! Etí ni akọ̀wé tẹ̀ lé. Lẹ́yìn èyí ni 'God' di 'good', nítorí pé 'good day' àti 'good night' ti wà nílẹ̀, wọ́n sì fa ọ̀rọ̀ náà mọ́ra. Ní ti 'bye' tí àwọn ọmọ wa ń pè ní 'báì-báì', 'be with ye' nìkan ni ó ṣẹ́kù níbẹ̀. Orúkọ Ọlọ́run ti jẹ pátápátá.

Ìsúnkì ni 'ó dàbọ̀' náà. 'Ó di àbọ̀' ni, a sì pa fáwẹ̀lì 'i' inú 'di' jẹ. Àbọ̀ kan náà ni ó wà nínú 'ẹ kú àbọ̀'. Ìpadàbọ̀ ni ọ̀rọ̀ tiwa dá lé, ìtumọ̀ yìí kò sì tíì ṣá lẹ́nu wa. Ìdí nìyí tí a kì í fi í kí òkú. 'Ó dàrìnnàkò, ó dojú àlá' ni a ń wí fún ẹni tí ó ti lọ.

Gẹ̀ẹ́sì kò ní irú ìdènà bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ń lọ sí ọjà lè sọ 'goodbye', ẹni tí ń kú lọ náà lè sọ ọ́. Òǹtumọ̀ tí ó bá fi 'ó dàbọ̀' sí ẹni tí ń kú lọ lẹ́nu ti mú un ṣe ìlérí tí kò sí nínú ìwé tí ó ń túmọ̀. 'Ó dìgbóṣe' ni ó yẹ níbẹ̀.