Ìlànà Ìjókòó Ilé Aṣòfin àti Àwọn Tí Ń Pa Á Mọ́: Àpẹẹrẹ Méjì láti Ìbàdàn

Ohun tí a fẹ́ tan ìmọ́lẹ̀ sí nínú iṣẹ́ yìí ni ìwúlò ìlànà ìjókòó ní Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló gbà pé àṣehàn lásán ni títẹríba fún Abẹnugan àti gbígbé ọ̀pá àṣẹ wọlé. Èrò tèmi ni pé ìlànà yìí ni a fi ń mọ ohun tí Ilé fẹ́ yàtọ̀ sí ohun tí àwọn kan nínú Ilé fẹ́.

Bí ó ṣe ń lọ nìyí. Ẹnì kan yóò dá àbá, ẹlòmíràn yóò kín in lẹ́yìn, àríyànjiyàn yóò sì bẹ̀rẹ̀. Ẹyọ ẹnì kan ni ó ń sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan, Abẹnugan ni ó sì ń bá sọ̀rọ̀, kì í ṣe alátakò rẹ̀. (Ọgbọ́n ńlá nìyí, nítorí ó ṣòro láti bú ẹni tí a kò kọjú sí.) Agbẹjọ́ ẹnì kan dá, àgbà òṣìkà ni; ìdí nìyí tí àríyànjiyàn fi ń ṣáájú ìbò. Ní ti ọ̀pá àṣẹ, kò yẹ kí ó ṣàjèjì sí Yorùbá. Bí ọba bá rán ọ̀pá rẹ̀ lọ sí òde, a ń dọ̀bálẹ̀ fún un bí ẹni pé ọba ni ó dé.

Ní ọdún 1962, ìjà wọ inú ẹgbẹ́ Ọlọ́pẹ láàárín Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ àti Olóyè S. L. Akíntọ́lá, Olórí Ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn. Ní oṣù karùn-ún, aṣòfin 66, tí wọ́n ju ìdajì Ilé lọ, fọwọ́ sí ìwé pé àwọn kò fẹ́ Akíntọ́lá mọ́. Lórí ìwé yìí ni Gómìnà, Ọba Adésọjí Adérẹ̀mí, fi yọ ọ́ ní ọjọ́ 21, tí ó sì fi Alhájì Dáúdà Adégbẹ́nró rọ́pò rẹ̀. Ilé kò tíì dìbò. Nígbà tí Ilé jókòó ní ọjọ́ 25, bí wọ́n ti fẹ́ dá àbá àkọ́kọ́ ni aṣòfin kan fò sókè, tí ó ń pariwo pé iná wà lórí òkè. Wọ́n ń ju àga. Ẹlòmíràn gbé ọ̀pá àṣẹ, ó sì fọ́ ọ mọ́ tábìlì. Tajútajú ni ọlọ́pàá fi tú wọn ká. Ní ọjọ́ 29, Ilé Aṣòfin Àpapọ̀ kéde ìjọba pàjáwìrì.

Akíntọ́lá pẹjọ́. Ilé-Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ ní Èkó ní ìbò inú Ilé nìkan ni ó lè fi hàn pé Olórí Ìjọba ti pàdánù àtìlẹ́yìn. Ní 1963, ìgbìmọ̀ onídàájọ́ ní Lọ́ńdọ̀nù ní òfin kò dé Gómìnà lọ́nà báyìí. Bóyá wọ́n tọ̀nà ní ti ẹyọ ọ̀rọ̀ inú òfin. Síbẹ̀, a lè gba ìbuwọ́lùwé ní pálọ̀ ẹnì kan lóru, kí ẹnikẹ́ni má sì bi ẹni tí ó fọwọ́ sí i ní ìbéèrè kan. Ohun tí ó yani lẹ́nu jù ni pé àwọn alátìlẹ́yìn ẹni tí ń bèèrè ìbò ni wọ́n dá rúkèrúdò tí kò jẹ́ kí a dìbò. Ilé fúnra rẹ̀ padà tún òfin ṣe, pé àfi nípa ìbò inú Ilé.

Ọ̀rọ̀ náà tún jẹ yọ ní Ìbàdàn kan náà. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2006, aṣòfin 18 nínú 32 ní Ọ̀yọ́ yọ Gómìnà Ràṣídì Ládọjà. Hòtẹ́ẹ̀lì kan ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ ìjókòó náà. Ìdá méjì nínú mẹ́ta ni òfin bèèrè, èyí tí í ṣe 22. Ní oṣù kejìlá, Ilé-Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ ní ìyọnípò náà kò bá òfin mu, Ládọjà sì padà sí ipò lẹ́yìn oṣù 11.

Ẹni tí a kì í sábà dárúkọ nínú irú ìtàn báyìí ni Akọ̀wé Ilé. Kì í dìbò, kì í sì í ṣe ẹgbẹ́ òṣèlú ni ó gbé e dé ibẹ̀. Òun ni ó ń kọ iye ẹni tí ó jókòó, ẹni tí ó dá àbá, àti iye ìbò sílẹ̀. Bí ọ̀rọ̀ bá sì di ti kóòtù, ìwé rẹ̀ ni adájọ́ ń bèèrè.