Àránsílẹ̀ àbí Èyí Tí A Fi Ìwọ̀n Rán? Ìbòrí Ìjókòó Mọ́tò Lọ́nà Agbabu

Ẹni tó bá ń wa mọ́tò láàárín Ore àti Agbabu mọ̀ pé kì í ṣe eruku àti òógùn nìkan ló ń ba ìjókòó jẹ́ níbẹ̀. Ọ̀dà ilẹ̀, ìyẹn bítúmẹ̀nì, wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Kí Ogun Àgbáyé Kìíní tó bẹ̀rẹ̀ ní 1914 ni ilé-iṣẹ́ Nigerian Bitumen Corporation ti ń gbẹ́lẹ̀ kiri agbègbè náà, wọ́n ń wá bítúmẹ̀nì. Títí dòní, bí oòrùn ẹ̀ẹ̀rùn bá mú, ọ̀dà dúdú yẹn a rọ̀, a sì sun jáde sójú ilẹ̀. Ó ń lẹ̀ mọ́ bàtà, ó ń lẹ̀ mọ́ ṣòkòtò. Bí ẹni tó lẹ̀ mọ́ bá sì wọ mọ́tò, ìjókòó ló máa gbà á. N kò lè ka ìbòrí ìjókòó sí ọ̀ṣọ́ lásán ní irú ibẹ̀.

Èyí tí wọ́n ti rán sílẹ̀, tí wọ́n ń tà nínú ọ̀rá, kò wọ́n. Ọwọ́ ara ẹni la fi ń wọ̀ ọ́ fún ìjókòó: rọ́bà etí rẹ̀ á mú un nísàlẹ̀, okùn á so ó lẹ́yìn. Bó bá dọ̀tí, ẹ bọ́ ọ, ẹ fọ̀ ọ́, ẹ sá a. Ṣùgbọ́n kò mọ Corolla yàtọ̀ sí Sienna. Ńṣe ló máa ń rí lára ìjókòó bí agbádá àyálò lára ọmọdé: á ká jọ sábẹ́ itan, á sì bo ibi tí wọ́n ń ki bẹ́líìtì bọ̀ mọ́lẹ̀. Èyí gan-an ló burú jù lójú tèmi. Èrò tí kò bá rí ibi tí yóò ki bẹ́líìtì bọ̀ kò ní dè é, bẹ́ẹ̀ ọ̀nà Ṣàgámù sí Bìní tó gba Ore kọjá kì í ṣe ọ̀nà tí èèyàn ń rìn láìde bẹ́líìtì.

Èyí tí a fi ìwọ̀n rán gba owó, ó sì gba sùúrù. Ẹni tó ń rán an á tú ìjókòó kúrò nínú mọ́tò, á bọ́ èyí àtijọ́, á tú u lójú rírán, á wá fi ẹ̀là rẹ̀ gé tuntun. Òrùka wáyà kéékèèké ni wọ́n fi ń fa ojú rírán wọ inú kòtò fóòmù. Ibẹ̀ la ti ń mọ ọ̀gá. Ẹni tó bá fi gọ́ọ̀mù nìkan lẹ̀ ẹ́, oòrùn á yọ́ gọ́ọ̀mù, lẹ́dà á sì wú sókè.

Lẹ́dà ni mo fara mọ́ ju aṣọ lọ. Ọ̀dà tó bá ti wọnú aṣọ ti di ara aṣọ. Ti lẹ́dà, ẹ jẹ́ kó tutù kó le, ẹ fi etí ike ha á, ẹ fi òróró díẹ̀ pa ìyókù, kí ẹ wá fi ọṣẹ fọ̀ ọ́. Ẹ má fi pẹtiróòlù tàbí kẹrosíìnì kàn án, torí wọ́n á jẹ́ kó gan, á sì sán. Òótọ́ ni pé lẹ́dà dúdú tó wà nínú oòrùn ń jó itan. Ẹ mú aláwọ̀ eérú. Lẹ́dà oníhò wínníwínní ń gba afẹ́fẹ́, àmọ́ ọ̀dà á wọ ihò náà, nítorí náà ibi tí a ń fẹ̀yìn tì ni kí ó mọ.

Síbẹ̀, ibì kan wà tí lẹ́dà yìí ti lè ṣekú pani. Ẹ wo ẹ̀yìn ìjókòó iwájú, ní ẹ̀gbẹ́ tó kọjú sí ilẹ̀kùn. Bí ẹ bá rí àmì kékeré tí wọ́n kọ AIRBAG sí, bí ó ṣe wà lára Corolla tí wọ́n ṣe fún ọjà Amẹ́ríkà láti 2009, àpò afẹ́fẹ́ wà níbẹ̀ tó gbọ́dọ̀ ya ojú rírán jáde kíá bí nǹkan bá kọlu mọ́tò lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ilé-iṣẹ́ mọ̀ọ́mọ̀ rán ojú ibẹ̀ kó lè tètè já. Òwú ọ̀rá tó yi yóò dí i. Wáyà rẹ̀ tó jẹ́ aláwọ̀ yẹ́lò wà lábẹ́ ìjókòó. Bí wọ́n bá fẹ́ tú ìjókòó náà, kí wọ́n yọ orí bátìrì, kí wọ́n dúró díẹ̀, kí wọ́n tó fà á yọ.

Fún bọ́ọ̀sì àtijọ́ tí kò ní àpò afẹ́fẹ́ lára ìjókòó, kí wọ́n fi lẹ́dà rán gbogbo rẹ̀. Fún Corolla yẹn, kí wọ́n rán ìdí ìjókòó iwájú àti gbogbo ìjókòó ẹ̀yìn, kí ẹ̀yìn ìjókòó iwájú wà bí ilé-iṣẹ́ ṣe fi í sílẹ̀, tàbí kí ẹ wọ àránsílẹ̀ tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ṣí sílẹ̀ fún un.