Èbúté Tó Ń Ṣí Kiri: Bí A Ṣe Ń Ya Adágún Ìkéré Láti Ìgbà Òjò Dé Ìgbà Ọyẹ́

Fọ́tò la fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí lónìí, àmọ́ kì í ṣe fọ́tò òde ìnáwó.

Àbúrò mi kan tó ń gbé Ìbàdàn fi fóònù rẹ̀ hàn mí láìpẹ́ yìí. Ó ní òun ti lọ ya adágún Ìkéré, òun sì ti ṣe tán níbẹ̀. Fọ́tò náà dára lóòótọ́. Omi tẹ́ rẹrẹ, òkè dúró lẹ́yìn, ọkọ̀ apẹja kan ṣoṣo wà láàárín. Mo bi í pé, "Oṣù wo lo lọ?" Ó ní oṣù kẹwàá. Mo rẹ́rìn-ín. Mo ní, "Apá kan lo yà. Padà lọ ní oṣù kẹta, kí o wá wá ibi tí o dúró sí."

Fún ẹ̀yin tí ẹ kò tíì débẹ̀: Odò Ògùn, èyí tí wọ́n torí rẹ̀ ń pe agbègbè wa ní Òkè-Ògùn, ti apá Ṣakí ṣàn wá, ó gba ẹ̀gbẹ́ Ìsẹ́yìn kọjá, ó sì ń lọ títí yóò fi wọ ọ̀sà l'Ékòó. Ní Ìkéré, ní ìjọba ìbílẹ̀ Ìsẹ́yìn, ìjọba Shehu Shagari bẹ̀rẹ̀ dáàmù ńlá kan lọ́dún 1982. Erùpẹ̀ ni wọ́n kó jọ láti fi sé odò náà. Adágún tó wà lẹ́yìn rẹ̀ lè gba omi tó mílíọ̀nù 690 kúbíìkì mítà. Iná mànàmáná, omi ẹ̀rọ títí dé Èkó, àti omi fún oko tó tó hẹ́kítà 12,000 ni wọ́n ṣèlérí. Nígbà tó fi máa di ọdún 2004, iṣẹ́ náà kò tíì parí. Ẹja ló ṣáájú iná dé, àwọn apẹja sì tẹ̀ lé ẹja.

Ibi tí àwọn apẹja bá wà, èbúté á wà níbẹ̀. Mo mọ̀ pé bí mo bá ti ní èbúté, Apápá ló ń wá sí ọ̀pọ̀ yín lọ́kàn: kọnkéré, kíréènì, ọkọ̀ òkun gàgàrà. Tàbí Jamestown ní Accra, níbi tí ilé gogoro kan wà tó ń fi iná han àwọn atukọ̀ lóru. Ọdún 1871 ni wọ́n kọ́kọ́ kọ́ ọ, wọ́n sì kọ́ èyí tó wà níbẹ̀ báyìí dípò rẹ̀ ní àwọn ọdún 1930. Irú ilé bẹ́ẹ̀ wúlò nítorí pé etí òkun kì í fi bẹ́ẹ̀ kúrò níbi tó wà. Òkun ń wọlé, ó ń jáde, àmọ́ láàárín wákàtí mélòó kan ó ti padà sáyè rẹ̀.

Ìkéré kò rí bẹ́ẹ̀. Ní oṣù kẹsàn-án sí ìkẹwàá, omi á gòkè wá títí á fi bo koríko. Tó bá fi máa di oṣù kẹta, ó ti fà sẹ́yìn, ibi tí ẹ ti wọ ọkọ̀ níjọ́sí ti di ẹrẹ̀ gbígbẹ tó là pẹ́rẹpẹ̀rẹ, màlúù ń gba ibẹ̀ kọjá. Ibi tí wọ́n bá so ọkọ̀ mọ́ lónìí, ibẹ̀ ni èbúté tònìí. Ibo lẹ fẹ́ kọ́ ilé oníná sí?

Ọ̀rọ̀ yìí sì kọjá ọ̀rọ̀ ẹwà. Nígbà tí wọ́n sé odò, igi tó wà lọ́nà omi kò rí ibi sá lọ. Omi bò wọ́n, wọ́n kú lóòró. Igi tó wà lábẹ́ omi kì í sì í tètè jẹrà, nítorí atẹ́gùn tí àwọn ohun tó ń jẹ igi nílò kò pọ̀ níbẹ̀. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ẹ ó rí orí wọn. Nígbà òjò, wọ́n wà níbẹ̀, ẹ kò kàn rí wọn ni.

Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni mo kọ́kọ́ lọ. Mo ya àwọn kùkùté náà lóríṣiríṣi, torí wọ́n rí bí ìka ọwọ́ tó yọ látinú omi. Mo gbé méjì sórí Instagram, àwọn èèyàn yìn mí, mo sì pa ìyókù rẹ́ torí fóònù mi ti kún. Mo padà lọ ní oṣù kẹsàn-án. Bàbá apẹja kan tó ti fi ọkọ̀ gbé mi rí sọ pé, "Ọmọ mi, fọ́tò ìjọ́sí dà?" Mo rò pé ó fẹ́ wo ara rẹ̀ ni. Rárá o. Kùkùté ló dá ọkọ̀ ọmọ rẹ̀ lu lóru ọjọ́ díẹ̀ ṣáájú. Ọmọ náà wẹ̀ jáde, àwọ̀n rẹ̀ lọ. Bàbá fẹ́ fi fọ́tò náà han àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wá pẹja níbẹ̀, kí wọ́n lè mọ ibi tí igi wà. Mi ò rí nǹkan kan fi hàn án. Mo ti pa á rẹ́ kí n lè ráyè tọ́jú fídíò orin.

Láti ìgbà yẹn ni mo ti ń ya ibẹ̀ bó ṣe yẹ: ojú kan náà, léraléra. Kì í ṣe èmi ni mo dá a sílẹ̀. Láti ọdún 1972 ni àwọn sátẹ́láìtì Landsat ti ń ya ilẹ̀ ayé látòkè bẹ́ẹ̀. Irú àwòrán yẹn ló jẹ́ kí aráyé fojú rí bí Adágún Chad, tó tó nǹkan bí 25,000 kìlómítà onígun mẹ́rin ní àwọn ọdún 1960, ṣe sún kì títí kò fi tó 2,000 ní àwọn ọdún 1980.

Fóònù yín tó o. Ẹ wá òkúta ńlá kan tí kò lè ṣí, kí ẹ dúró tì í. Ẹ gbé fóònù sí ọ̀gangan ojú yín, ẹ má fa súùmù rárá, 1x ni kó wà. Ẹ tan àwọn ìlà tó ń pín ojú kámẹ́rà sí mẹ́sàn-án, kí ìlà òkè dọ́gba pẹ̀lú etí omi lódìkejì. Kí ẹ tó tẹ̀ ẹ́, ẹ ṣí fọ́tò ìgbà tó kọjá, kí ẹ fi wé e. Lẹ́yìn náà, ẹ tọ́jú rẹ̀ síbòmíràn yàtọ̀ sí inú fóònù. Ẹ gbọ́ o, èmi tí mo ti jìyà rẹ̀ ló ń sọ ọ́.

Ọ̀rọ̀ ọyẹ́ ló gùn jù. Eruku tó ń ti aṣálẹ̀ Sàhárà wá, pàápàá láti Bodélé ní ilẹ̀ Chad, á bo ojú ọ̀run láti nǹkan bí oṣù kejìlá sí oṣù kejì. Ìmọ́lẹ̀ á rọ̀, òjìji á fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí, gbogbo nǹkan á gba àwọ̀ sányán. Ẹ̀yin ọmọ Ìsẹ́yìn tí ẹ dàgbà sẹ́gbẹ̀ẹ́ òfì, ẹ mọ àwọ̀ tí mò ń wí. Mo fẹ́ràn ìgbà yẹn ju gbogbo ìgbà lọ, àmọ́ ó ní wàhálà tirẹ̀: òkè òdìkejì lè pòórá pátápátá. Ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí àmì yín jẹ́ òkúta tó sún mọ́ yín. Bí eruku bá bà sórí kámẹ́rà, ẹ fẹ́ ẹ kúrò kí ẹ tó nù ún, torí yanrìn wà nínú rẹ̀, ó ń ha gíláàsì.

Àwọn olùkọ́ orí YouTube máa ń ní kí ẹ dúró de wákàtí kan tí oòrùn máa ń dà bíi góòlù kó tó wọ̀. Ọ̀dọ̀ tiwọn nìyẹn, níbi tí oòrùn ti ń dagun wọ̀. Lọ́dọ̀ wa níbí, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ máa já bọ́ tààrà ni. Ẹ ka ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n, bóyá ọgbọ̀n. Ní oṣù kọkànlá, nǹkan bí aago mẹ́fà ààbọ̀ ló ti ń wọ̀.

Òjò àkọ́rọ̀ oṣù kẹrin ní tirẹ̀ máa ń ti ìlà oòrùn wá, tòun ti ìjì. Bó bá ṣú nírọ̀lẹ́, oòrùn ṣì wà ní ìwọ̀ oòrùn lẹ́yìn yín, á máa tàn sára ọkọ̀ tó wà níwájú, òkùnkùn òjò á sì dúró lẹ́yìn ọkọ̀ náà bí ògiri. Mi ò tíì rí ohun tó dára tó bẹ́ẹ̀. Ẹ yà á láti orí ilẹ̀, kí ẹ sì tètè wá ibi forí pamọ́ sí. Mànàmáná kì í bèèrè pé fọ́tò lẹ wá yà.

Bí ẹ bá ń ya èèyàn, ẹ kọ́kọ́ kí wọn, kí ẹ tọrọ àyè. Omi máa ń tàn débi pé fóònù á sọ ojú aláwọ̀ dúdú di èédú. Ẹ fi ìka tẹ ojú ẹni náà, kí ẹ dì í mú títí á fi tì, lẹ́yìn náà ẹ fà á sókè díẹ̀ kí ìmọ́lẹ̀ fi kún un. Google gbìyànjú lórí ọ̀rọ̀ yìí lọ́dún 2021 pẹ̀lú Real Tone nínú Pixel 6, àmọ́ ìka yín ṣì yá jù.

Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn tó kọjá, mo tẹ fọ́tò mẹ́fà sórí bébà n'Ísẹ́yìn, mo gbé wọn lọ fún bàbá. Ó tò wọ́n sílẹ̀ lórí ọkọ̀ tí wọ́n dojú rẹ̀ bolẹ̀, ó wò wọ́n títí. Ó fọwọ́ sí ọ̀kan, ó ní, "Èyí ti wó." Ó fọwọ́ sí òmíràn. "Èyí ní ìkejì lẹ́yìn òkúta. O ò yà á. Wá, jẹ́ ká lọ."