Àpótí kékeré tó ń ṣọ́ bátìrì sólà

Láti Ọ̀jọ́ dé Ìbà àti Okokomáíkò, ilé tó ń lo sólà kì í ṣe díẹ̀ mọ́. Ọjà Alábà kò kúkú jìnnà. Pánẹ́ẹ̀lì àti bátìrì ni oníbàárà máa ń ná owó lé lórí. Àpótí kékeré tó wà láàárín wọn, ta ló ń béèrè rẹ̀?

Bẹ́ẹ̀, òun ló niṣẹ́. Pánẹ́ẹ̀lì tí wọ́n ń pè ní ti fóltì 12 lè gbé bíi fóltì 21 jáde nínú oòrùn. Bí ìkùukùu bá bò ó, agbára rẹ̀ á já wálẹ̀ lójijì. Bátìrì alásíìdì kò sì fẹ́ ju bíi 14.4 lọ, bó bá ń jù bẹ́ẹ̀, omi inú rẹ̀ á máa gbẹ.

Àwọn àpótí kan ń wo iná tó ń jáde nìkan: ó dìgbà tó bá yẹ̀ kí wọ́n tó tún un ṣe, bí ẹni tí òjò ti pa aṣọ rẹ̀ kó tó sáré lọ ká a. Àwọn mìíràn ń wo èyí tó ń wọlé pẹ̀lú, wọ́n á ti múra kí ìyípadà tó dé bátìrì. Àwọn wọ̀nyí ló dáa jù.

Bí bátìrì yín bá kún, ẹ ní kí oníṣẹ́ iná fi mítà wọ̀n ọ́n lọ́sàn-án. Bó bá ń lé ní 15 lójoojúmọ́, ẹ pààrọ̀ àpótí náà. Wáyà pánẹ́ẹ̀lì ni kó kọ́kọ́ yọ o, kó tó kan ti bátìrì.